Fáànù Kékeré fún Ooru Ìjẹ̀bú-Ọ̀wọ̀

Ọ̀nà tó ti Àkúrẹ́ lọ sí Ọ̀wọ̀ kò ju nǹkan bí 50 kìlómítà lọ, ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbà á nínú oṣù Kejì tàbí oṣù Kẹta, tí oòrùn ti wà ní àtàrí, yóò mọ̀ lára pé òun rìnrìn àjò. Ọkọ̀ á kọjá ní Ògbèsè, níbi tí ọjà oúnjẹ oko ti ń kún dé etí títì. Á kọjá Ùsò, á kọjá Ẹ̀mùrè-Ilé, kó tó wọ Ọ̀wọ̀. Láti Ọ̀wọ̀ sí Ìjẹ̀bú-Ọ̀wọ̀, ìlú tí Òjòmọlúdà jẹ́ ọba rẹ̀, kò tún sí ìrìn àjò kan mọ́ ju kí èèyàn gun ọ̀kadà, nítorí ilé ti kan ilé débi pé àlejò ò lè tọ́ka sí ibi tí ọ̀kan parí sí tí èkejì ti bẹ̀rẹ̀. Ní irú àsìkò bẹ́ẹ̀, ooru ìta lábẹ́ ibòji máa ń tó dígírì 33 tàbí 34. Inú ìsọ̀ onípáànù tí kò ní sílìn, tàbí kọ́ńténà tí wọ́n gé fèrèsé kan ṣoṣo sí lára, máa ń ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Arìnrìn-àjò á ra omi tútù mu, á nu ojú, á bá tirẹ̀ lọ. Kọ̀ǹpútà kékeré tó wà lórí tábìlì nínú ìsọ̀ yẹn ò níbi tó ń lọ.

Irú kọ̀ǹpútà tí mo ń sọ ni èyí tí èèyàn lè fi ọwọ́ kan gbé, tí àwọn tó ṣe é kò fi fáànù sí nínú. Irin eléyín kan tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní heatsink ni wọ́n gbé lé ọpọlọ rẹ̀ lórí, kó máa gba ooru kúrò lára rẹ̀. Àwọn tó ń tà á máa ń fi àìní fáànù yìí yangàn: kò pariwo, kò fa eruku, kò sí ohun tó ń yí nínú rẹ̀ tó lè kọṣẹ́. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ṣe é. Ní Ìjẹ̀bú-Ọ̀wọ̀, àti káàkiri ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ́, ìṣirò náà yí padà. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí ẹni tó bá ní irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ níbí wá fáànù kan tí ìbú rẹ̀ kò ju sẹ̀ǹtímítà 4 lọ, kó fi sí orí irin eléyín náà. Àwọn kan á pè é ní àṣejù, àwọn mìíràn á ní eruku ló máa kó bá a. Ọ̀rọ̀ wọn yẹ ní gbígbọ́, a ó sì dé orí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ iná ló gbé irú ẹ̀rọ yìí dé ọ̀dọ̀ wa. Kọ̀ǹpútà àtijọ́, èyí tí àpótí rẹ̀ máa ń wà lábẹ́ tábìlì tí gbogbo ayé ń pè ní CPU, lè jẹ 100 wáàtì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ pẹ̀lú ojú rẹ̀. Nígbà tí bẹntiróòlù ṣì rọjú, àwọn tó ń tẹ ìwé tí wọ́n sì ń ṣe fọ́tòkọ́pì máa ń fi jẹnẹrétọ̀ kékeré, I-pass-my-neighbour, gbé e. Láti oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, ẹni tó bá ń tan jẹnẹrétọ̀ nítorí kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo kì í pẹ́ rí i pé epo ti jẹ èrè tán. Iná NEPA náà, tí ilé iṣẹ́ BEDC ń pín fún Oǹdó, Èkìtì, Ẹdó àti Delta, kò dúró lójú kan. Nínú oṣù Kẹrin ọdún 2024, owó yúníìtì kan fún àwọn tó wà ní Band A, ìpele tí wọ́n ń fún ní iná jù, fò láti náírà 68 sí náírà 225. Ibi tí àwọn èèyàn wá sá gbà ni sólà àti ìnfátà, sólà kò sì fẹ́ràn ẹ̀rọ alájẹkì. Kọ̀ǹpútà kékeré tó ń jẹ wáàtì 10 sí 20 ló bá a mu.

Oríṣi méjì ló wọ́pọ̀. Ọ̀kan ni tòkunbọ̀: HP t620, HP t630, Wyse ti Dell, àwọn ẹ̀rọ tí ilé iṣẹ́ ńláńlá lókè òkun ń lò nínú ọ́fíìsì tí ẹ̀rọ amúlétutù kì í kú, tí wọ́n pa tì nígbà tí ọjọ́ lọ lórí wọn, tí wọ́n sì bá ọkọ̀ ojú omi dé Èkó kí wọ́n tó ti Computer Village ní Ìkẹjà tàn ká. Èkejì ni Raspberry Pi, pátákó kékeré tó kọ́kọ́ jáde ní ọjọ́ 29 oṣù Kejì ọdún 2012, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́ kọ̀ǹpútà fẹ́ràn nítorí owó rẹ̀ kò wọ́n tó ti kọ̀ǹpútà ńlá. Ẹ̀yà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n, ṣùgbọ́n ìṣòro kan náà ló ń dé bá wọn bí wọ́n bá ti dé ilẹ̀ wa.

Ṣíìpù tó jẹ́ ọpọlọ kọ̀ǹpútà ń jẹ iná, gbogbo iná tó bá sì jẹ ló ń di ooru. Irin eléyín orí rẹ̀, tí wọ́n sábà máa ń fi alumíníọ́ọ̀mù ṣe, ń gba ooru náà, eyín rẹ̀ tó tò sára wọn sì ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ rí ibi púpọ̀ fara kàn. Afẹ́fẹ́ tó bá fara kàn án á gbóná, á fúyẹ́, á gòkè, èyí tó tutù á sì rọ́pò rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ rí ọgbọ́n yìí lójú ayé, kó yà sí Ààfin Ọlọ́wọ̀ kó tó kọjá sí Ìjẹ̀bú-Ọ̀wọ̀. Àgbàlá-àgbàlá ni wọ́n pín ààfin náà sí, wọ́n ń pè wọ́n ní ùghà, àwọn tó kọ ìtàn rẹ̀ sì ní wọ́n tó 100 nígbà kan. Orí àgbàlá kọ̀ọ̀kan là sí ojú ọ̀run, ọ̀dẹ̀dẹ̀ yí i ká. Ooru ń bá òkè jáde, atẹ́gùn tútù ń gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọlé, kò sì sí ẹni tó ń ju abẹ̀bẹ̀ fún un. Kí ló wá dé tí ohun tó tó fún ààfin kò fi tó fún kọ̀ǹpútà? Ààfin ní àyè. Nínú àpótí tí gíga rẹ̀ kò ju ìka mẹ́rin lọ, afẹ́fẹ́ gbígbóná kò rí ibi gòkè lọ. Ńṣe ló ń kóra jọ sábẹ́ ọmọrí, tí irin náà sì ń tún ooru tó ti lé jáde gbà padà.

Àwọn ẹnjiníà máa ń fi iye dígírì tí ooru fi ń lé sí i fún wáàtì kọ̀ọ̀kan díwọ̀n irin eléyín. Ká fi àpẹẹrẹ ṣe é. Ká ní irin kan jẹ́ onídígírì 8 fún wáàtì kan, ṣíìpù abẹ́ rẹ̀ sì ń jẹ wáàtì 6 nígbà tí iṣẹ́ bá wọ̀ ọ́ lọ́rùn. 8 lọ́nà 6 jẹ́ 48. Ìyẹn ni pé ṣíìpù náà á fi dígírì 48 gbóná ju afẹ́fẹ́ tó yí i ká lọ, ibi yòówù kó wà. Ní Cambridge nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí Raspberry Pi ti ṣẹ̀ wá, bí yàrá bá jẹ́ dígírì 20, ṣíìpù á wà ní 68, ara á sì tù ú. Gbé ẹ̀rọ kan náà wá sí Ìjẹ̀bú-Ọ̀wọ̀ ní ọ̀sán oṣù Kẹta, nínú yàrá oní 34, á di 82. Iṣẹ́ rẹ̀ ò lé, ẹ̀rọ náà ò yí padà, afẹ́fẹ́ nìkan ló yàtọ̀. Bẹ́ẹ̀, láti 80 ni Raspberry Pi 4 ti máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í dín eré ara rẹ̀ kù. Wàyí o, bí fáànù bá ń fẹ́ sí irin yẹn tí dígírì 8 fi di 4, ṣíìpù ọ̀hún á wà ní 58 nínú yàrá oní 34 kan náà. Ó ti wá tutù ju bó ṣe wà ní Cambridge láìní fáànù lọ! Gbogbo ẹjọ́ tí mo ń rò nìyẹn: fáànù kékeré ń dá ẹ̀rọ náà padà sí ojú ọjọ́ tí wọ́n ṣe é fún, ó sì ń fi ẹ̀ní lé e.

Ẹni tó bá rò pé àsọdùn wà níbẹ̀, kó wo ohun tí àwọn tó ṣe Raspberry Pi fúnra wọn ṣe. Ti ọdún 2012 kò ní irin eléyín rárá, kò sì nílò rẹ̀, torí iṣẹ́ tó lè ṣe kò pọ̀. Nígbà tí Pi 4 jáde nínú oṣù Kẹfà ọdún 2019, ọ̀kan nínú ẹ̀sùn tí àwọn èèyàn kọ́kọ́ fi kàn án ni pé ó ń gbóná. Àwọn tó ṣe é tún ètò inú rẹ̀ tò kó lè dín iná jíjẹ kù, nígbà tó sì máa fi di òpin ọdún 2020, wọ́n ti gbé fáànù kékeré jáde fún àpótí rẹ̀. Nígbà tí Pi 5 dé ní 2023, ojú ihò tí wáyà fáànù ń wọ̀ ti wà lórí pátákó náà gan-an, wọ́n sì ń ta irin eléyín tó ní fáànù lórí ní dọ́là 5. Bí ṣíìpù bá ti dé dígírì 50, fáànù náà á bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Á yára sí i ní 60. Bó bá fi máa di 75, ó ti ń sá eré àsápajúdé. Àwọn tó ń gbé ilẹ̀ òtútù ló ṣe èyí fún ara wọn. Ẹni tó ń gbé ibi tí yàrá rẹ̀ ti jẹ́ 34 kí kọ̀ǹpútà tó tàn rárá wá ń rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Àwọn kan á ní ṣé ìwé Pi 4 kò sọ pé ó lè ṣiṣẹ́ nínú afẹ́fẹ́ tó tó dígírì 50 ni. Ó sọ bẹ́ẹ̀. Afẹ́fẹ́ tó yí pátákó náà ká ló ń sọ, kì í ṣe ti yàrá. Nínú àpótí rọ́bà tí wọ́n sé pa, tí wọ́n gbé sórí ìnfátà tí òun náà ń gbóná, tàbí sẹ́yìn ojú kọ̀ǹpútà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tí oòrùn ń pa, afẹ́fẹ́ kì í pẹ́ dé 50.

Àtakò tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ jù ni ti àwọn tó ní kọ̀ǹpútà ìsinsìnyí gbọ́n tó láti tọ́jú ara rẹ̀: bó bá gbóná jù, á dín eré kù, bó bá burú jù, á kú fúnra rẹ̀ kí ohunkóhun tó bàjẹ́. Mo gbà pé ṣíìpù kò ní jó. Ṣùgbọ́n ẹni tó ra ẹ̀rọ nítorí iyára rẹ̀, tí ẹ̀rọ náà ń rìn bí ìgbín láti aago méjìlá sí aago mẹ́rin, ìgbà tí àwọn ọmọ tó ń ṣe fọ́ọ̀mù JAMB tò sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, owó iyára tí kò rí lò ló san. Èyí tó tún jù bẹ́ẹ̀ lọ ni pé ara rẹ̀ nìkan ni ṣíìpù ń dáàbò bò. Kàpásítọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lórí pátákó; SSD tó ń kó iṣẹ́ oníbàárà pamọ́ wà nínú àpótí kan náà; wọn ò ní ọgbọ́n àti dín eré kù nítorí ooru aládùúgbò. Àwọn tó ń ṣe kàpásítọ̀ olómi ní òfin kan tí gbogbo oníṣẹ́ mọ̀: bí ooru bá fi dígírì 10 wálẹ̀, ọjọ́ ayé rẹ̀ á di ìlọ́po méjì. Èyí tí wọ́n kọ wákàtí 2,000 sí lára ní dígírì 105 á lo nǹkan bí wákàtí 16,000 ní dígírì 75, á sì lo 32,000 ní dígírì 65. Fún ẹ̀rọ tí kì í kú tọ̀sán-tòru, àkọ́kọ́ kò pé ọdún méjì, èkejì sún mọ́ ọdún mẹ́rin. Ìyàtọ̀ dígírì 10 péré nìyẹn, fáànù tó ń jẹ ìdá wáàtì kan sì lè mú un wá láìlàágùn.

Ọ̀rọ̀ eruku kò ṣe é fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn, pàápàá níbí. Láti oṣù Kọkànlá sí oṣù Kejì, ọyẹ́ máa ń gbé eruku láti Bodélé ní orílẹ̀-èdè Chad kọjá lórí gbogbo Nàìjíríà, ó sì máa ń bà sórí tábìlì tí wọ́n nù láàárọ̀ kó tó di ọ̀sán. Eruku pupa etí títì wà níbẹ̀, ti ilé ìlagi náà wà. Èyí tó burú jù ni èéfín jẹnẹrétọ̀ tí wọ́n gbé sí abẹ́ fèrèsé, nítorí ó ní ọ̀rá nínú: á lẹ̀ mọ́ abẹ fáànù, eruku á sì lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹni tó bá tú kọ̀ǹpútà tó ti ní fáànù fún ìgbà pípẹ́ láìgbá inú rẹ̀, á bá ohun kan tó rí bí aṣọ òwú láàárín fáànù àti eyín irin, èyí tó nípọn, tó ṣe é ká bí ẹní. Ní ọjọ́ tí ó bá ti rí bẹ́ẹ̀, fáànù ń yí lásán ni, atẹ́gùn kan ò wọlé mọ́, irin náà sì lè gbóná ju bí ì bá ṣe gbóná láìní fáànù lọ. Nítorí náà, àwọn alátakò kò parọ́. Ibi tí wọ́n ti ṣi ìṣirò ni pé wọ́n rò pé ẹ̀rọ tí kò ní fáànù kì í gba eruku. Ó ń gbà á, díẹ̀díẹ̀ ni. Ó lè pẹ́ kó tó gba ohun tí onífáànù ń gbà ní oṣù díẹ̀, ẹnikẹ́ni kì í sì í tú u wò torí pé wọ́n ti sọ fún un pé kò nílò rẹ̀. Eruku onífáànù ṣe é dá dúró. Ìbọ̀sẹ̀ obìnrin, irú èyí tó fẹ́lẹ́ yẹn, tí wọ́n gé tí wọ́n sì nà sí ibi tí atẹ́gùn ń gbà wọlé, ń sẹ́ èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Búrọ́ọ̀ṣì ìkunlé tó rọ̀ á sì gbá ìyókù. Ojú ọjọ́ náà ń bá wa ṣe é: àárọ̀ ọyẹ́ máa ń tutù, bí fáànù bá jẹ́ irú èyí tí a lè sọ fún, bíi ti Pi 5, pé kó má yí àfi bí ṣíìpù bá kọjá dígírì 55, kò ní yí púpọ̀ ní àsìkò tí eruku pọ̀ jù. Inú oṣù Kejì sí oṣù Kẹta, tí ooru dé góńgó, ni iṣẹ́ rẹ̀ máa pọ̀.

Àwọn kan á bèèrè pé bí fáànù bá wá kú ńkọ́. Á kú o. Fáànù olówó pọ́ọ́kú ní òróró díẹ̀ níbi tó ti ń yí, òróró náà á sì gbẹ nínú ooru wa, pàápàá bí wọ́n bá dà á bolẹ̀. Èyí tó ní bọ́ọ̀lù bíárìn máa ń pẹ́ jù ú lọ, ó sì wọ́n díẹ̀. Ohun tó yẹ kí èèyàn rò ni ipò tí ẹ̀rọ máa wà lọ́jọ́ tí fáànù bá kú. Bí ẹnì kan bá ra irin eléyín tó kéré bí ojú èékánná, tó wá gbẹ́kẹ̀ lé fáànù aláriwo láti máa sá eré lórí rẹ̀, ọjọ́ tí fáànù kú ni wàhálà dé. Ṣùgbọ́n ohun tí a ń sọ níbí ni kí irin ńlá tí wọ́n ti fi sí ẹ̀rọ náà láti ilé iṣẹ́ wà bó ṣe wà, kí fáànù tó rọra ń yí wá ràn án lọ́wọ́. Bó bá kú, ẹ̀rọ náà padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ nìyẹn, olówó rẹ̀ kò pàdánù ju owó fáànù lọ.

Ti iná jíjẹ kò tó ohun à ń jiyàn lé. Ká ní ó jẹ odidi wáàtì kan, tí kò sì sinmi tọ̀sán-tòru: wákàtí-wáàtì 24 ló jẹ lójúmọ́, ìdá 2 nínú 100 ohun tó wà nínú bátìrì fólítì 12 oní 100Ah. Ní iye Band A ti 2024, náírà 162 ni fún oṣù kan. Àwọn tó sì ń ṣí ọmọrí kọ̀ǹpútà sílẹ̀ gbayawu, tí wọ́n gbé fáànù orí tábìlì dojú kọ ọ́, ń na wáàtì 40 tàbí 50 sí ohun tí ìdá wáàtì kan lè ṣe, wọ́n sì ń pe ọmọ-onílé wá sùn sórí pátákó. Ọmọ-onílé tó bá fi ìrù kan ibi méjì tí kò yẹ kó pàdé lè pa kọ̀ǹpútà kí ooru tó pa á.

Bí wọ́n ṣe ń fi fáànù náà sí kò le, ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kùnà wà níbẹ̀. Fáànù onísẹ̀ǹtímítà 4 ní ihò síkúrù ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó ní wáyà pupa kan àti dúdú kan. Ojú rẹ̀ kan ṣí sílẹ̀. Ojú kejì ni bébà orúkọ wà, tí apá rọ́bà mẹ́ta tàbí mẹ́rin gbé e dúró. Ojú tó ní apá yìí ni atẹ́gùn ń gbà jáde, òun ló sì yẹ kó kọjú sí irin. Ẹni tó dà á kọ á máa fa ooru irin wá sókè lọ́nà tí kò lágbára tó bẹ́ẹ̀, á sì ní fáànù ò wúlò. Lórí Raspberry Pi, wáyà pupa ń lọ sí pínnì 4, dúdú sí pínnì 6. Ẹni tí ariwo bá ń yọ lẹ́nu lè gbé pupa lọ sí pínnì 1, níbi tí fólítì 3.3 ti ń jáde dípò 5, fáànù náà á rọra máa yí. Lára HP tàbí Wyse, inú USB ni ká ti gba iná. Wáyà mẹ́rin ló wà nínú okùn USB, pupa àti dúdú ni ti iná. Kí wọ́n gé funfun àti aláwọ̀ ewé kúrò, kí wọ́n fi téèpù wé orí wọn. Kí fáànù má fara lé eyín irin gan-an, kí àyè díẹ̀ wà láàárín wọn kí atẹ́gùn lè tàn ká. Kí ihò ìjáde sì wà lára àpótí ní apá kejì, nítorí fáànù tó ń fẹ́ sínú àpótí tí kò níhò ń po ooru pọ̀ ni. Kí wọ́n tó dé e, kí wọ́n yọ irin náà wò lábẹ́. Ohun rírọ̀ funfun tàbí aláwọ̀ eérú tó wà láàárín irin àti ṣíìpù, tí wọ́n ń pè ní thermal paste, ti máa ń gbẹ bíi ẹfun lára tòkunbọ̀ tó ti lo ọdún mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá. Kí wọ́n fi òwú àti sípíríìtì nù ún dànù, kí wọ́n fi tuntun díẹ̀ sí i. Lára àwọn ẹ̀rọ kan, iṣẹ́ yìí nìkan á ti mú ooru wálẹ̀ kí fáànù tó dé rárá, mo sì gbà pé òun ló yẹ kó ṣáájú.

Ẹni tó bá kúrò ní Ìjẹ̀bú-Ọ̀wọ̀ tó kọrí sí ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀sẹ́, yálà ó gba ọ̀nà Ìfọ́n tó lọ sí Benin ni o, tàbí ó yà sí apá Ìdóànì, á rí i pé bí ìlú ṣe ń kéré sí i ni ẹ̀rọ kékeré ń wúlò sí i, tí ọ̀dọ̀ ẹni tó lè tún un ṣe sì ń jìnnà sí i. Ètò bíi Kolibri àti RACHEL wà, tí wọ́n ṣe fún irú ibi bẹ́ẹ̀: Raspberry Pi kan ṣoṣo lè gbé odidi ilé ìkàwé, ẹ̀kọ́ ìṣirò àti fídíò, kí àwọn ọmọ kíláàsì kan máa fi fóònù tàbí tábúlẹ́ẹ̀tì kà á láìlo íntánẹ́ẹ̀tì rárá. Adekunle Ajasin, ọmọ Ọ̀wọ̀, tó ti jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé ní Imade College kó tó di gómìnà Oǹdó ní 1979, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ni wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́. Irú ẹ̀rọ yìí ì bá wù ú. Ṣùgbọ́n orí páànù kíláàsì ni oòrùn ń pa, gbogbo ọmọ ló sì ń béèrè fídíò lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ẹ̀rọ bá ń kú lọ́sàn-án, olùkọ́ á gbé e sínú kọ́bọ́ọ̀dù, kò sì ní jáde mọ́.

Ibì kan wà tí ẹjọ́ mi kò dé, ó sì yẹ kí n sọ ọ́. Fáànù kì í mú ṣíìpù tutù ju yàrá lọ. Ooru ló ń gbé láti orí irin sínú yàrá. Fún kọ̀ǹpútà kan tàbí márùn-ún, yàrá kò mọ̀ ọ́n lára. Gbọ̀ngàn ìdánwò orí kọ̀ǹpútà (CBT), tí JAMB ń bèèrè pé kó ní kọ̀ǹpútà 250 ó kéré tán, yàtọ̀. 250 lọ́nà wáàtì 20 jẹ́ 5,000, bí ẹni tan áyọ́ọ̀nù ìlọṣọ márùn-ún sílẹ̀ nínú yàrá kan náà, kó tó kan ara àwọn ọmọ tó jókòó síbẹ̀. Níbẹ̀, ẹ̀rọ tó ń fa afẹ́fẹ́ yàrá jáde tàbí amúlétutù gbọ́dọ̀ wà. Fáànù orí irin kò lè dá a ṣe.

Fún ìyókù wa, ẹ̀yin tí ẹ ń ta kọ̀ǹpútà kékeré ní Ọ̀wọ̀ àti Àkúrẹ́, ẹ máa kó fáànù onífólítì 5 pọ̀ mọ́ ọn, kí ẹ sì máa pa paste tuntun kí ẹ tó tà á. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ rà, ẹ má wulẹ̀ gbé e lọ nítorí pé ó tàn nínú ìsọ̀ tí amúlétutù wà. Ẹ ní kí ó ṣiṣẹ́ fún wákàtí kan, kí ẹ fọwọ́ kan ẹ̀yìn rẹ̀, kí ẹ bèèrè bí irin inú rẹ̀ ṣe tóbi tó àti ibi tí ooru ń gbà jáde. Bí ẹni tó ń tà á kò bá lè dáhùn, kó tú ọmọrí rẹ̀ níwájú yín kí ẹ tó sanwó.